Dífù-lọ́ọ̀kì Katakata Kékeré: Àwọn Ìbéèrè Tí Kì Í Tán, Àti Ìdáhùn Wọn

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ìbéèrè kan náà ló ń bọ̀ lọ́dọọdún. Mo wá kó wọn jọ síbí. Katakata kékeré tí mo ń sọ ni èyí tí agbára rẹ̀ wà láàárín agbára ẹṣin 20 sí 50.

Kí ni dífù, kí sì ni lọ́ọ̀kì rẹ̀?

Dífù ni àkójọ jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Òun ló ń gba agbára ẹ́ńjìnnì, tó ń pín in fún táyà ọ̀tún àti tòsì, tó sì ń jẹ́ kí ọ̀kan lè sáré ju èkejì lọ. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí padà létí oko. Bí àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá jẹ́ mítà 1.2, tí ẹ sì yí títí ẹ fi kọjú síbi tí ẹ ti ń bọ̀, táyà òde ti fi nǹkan bíi mítà 3.8 rìn ju ti inú lọ. Ká ní kò sí dífù ni, ọ̀kan nínú wọn á máa wọ́lẹ̀ tuurutu.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọgbọọgba ló ń pín agbára. Ohun tí táyà inú ẹrẹ̀ bá lè gbà ni èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle náà máa rí, kò ní lé kan. Ẹrẹ̀ kì í sì í dá táyà dúró, nítorí náà táyà kan á máa jó lójú kan, èkejì á dúró bí òpó. Lọ́ọ̀kì ló ń de àwọn méjèèjì pọ̀, kí wọ́n máa yí bíi pé irin kan ṣoṣo ló gún wọn já.

Ṣé tèmi ní i? Ibo ni kí n wò?

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìjókòó, nítòsí gìgísẹ̀ ọ̀tún. Pẹ́dà kékeré tí a ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Lára àwọn kan, apá òsì ló wà. Lára òmíràn, ọ̀pá tí a ń fi ọwọ́ fà ni. Àmì rẹ̀ jẹ́ àwòrán ṣáàfù tó ní táyà lọ́tùn-ún àti lósì, tí X sì wà láàárín.

Àwọn tókunbọ̀ kékeré tó ti Japan wá, bíi Kubota, Yanmar àti Iseki, èdè ilé wọn ló sábà máa ń wà lára wọn. Bí ẹ bá rí デフロック níbi tí wọ́n lẹ bébà mọ́, òun nìyẹn. Oko ìrẹsì inú omi ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún lọ́hùn-ún, abájọ tí lọ́ọ̀kì fi pọ̀ lára wọn.

Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí èèyàn ń dì mú rìn lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní dífù rárá, kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ kọ̀ọ̀kan la fi ń yí wọn.

Ìgbà wo ló yẹ kí n lò ó?

Nígbà tí táyà kan kò bá rí ilẹ̀ mú, tí èkejì rí i mú, tí ẹ sì ń lọ tààrà. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ìgbà tí ẹ bá ń gba etí akùrọ̀ kọjá, tí táyà òsì wà lórí koríko, tí ti ọ̀tún wà nínú omi. Tàbí ìgbà tí táyà kan já sí kòtò tí a ti hú gbòǹgbò igi.

Kí ẹ tó wọ ibẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń roko kan fún ọdún méjì ti mọ ibi tó máa ń rì nínú rẹ̀, kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá pẹ́dà kiri nígbà tí ẹrẹ̀ bá ti dé ìdajì táyà.

Báwo ni mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tí nǹkan kan ò fi ní já nínú rẹ̀?

Ẹ dín iná kù. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí katakata dúró, kí táyà méjèèjì dúró pẹ̀lú. Ẹ kọ sítíárì sí ọ̀kánkán. Ẹ wá fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà lọ́ọ̀kì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ni mo wí, n kò ní kí ẹ gbá a. Ẹ fi jíà tó kéré sí i, kí ẹ sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bí táyà bá ti ń yí díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbọ́ «kọ́» kan, pẹ́dà á sì tún wọlẹ̀ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ìgbà yẹn ló tó wọlé.

Ìdí tí kì í fi í wọlé lójú ẹsẹ̀ nìyí. Nínú ilé dífù, kọ́là irin kan wà tó ń sún síwá sẹ́yìn. Eyín tàbí píìnì ló wà lára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá ihò tó ń dúró dè é ṣe déédéé kó tó lè bọ́ sínú rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì bára mu, orí á máa kan orí. Ẹ kàn fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí táyà yí díẹ̀, wọn á rí ara wọn. Ẹni tó bá dìde dúró lé pẹ́dà lórí, fọ́ọ̀kì tó ń ti kọ́là náà ló ń tẹ̀ wọ́.

Ẹ má gbé gìgísẹ̀ kúrò títí ẹ ó fi kọjá ibi burúkú náà. Lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, sípírínì ló ń dá a padà ní kété tí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀.

Táyà kan ti ń jó nínú ẹrẹ̀. Ṣé mi ò lè yára tẹ̀ ẹ́ kó tó rì?

Rárá o. Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn lójú ewé yìí, ẹ rántí èyí, torí ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú lọ́ọ̀kì tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ti ń bàjẹ́.

Bí táyà kan bá dúró pátápátá, ìlọ́po méjì eré tó yẹ kó sá ni èkejì ń sá. Jíà tó yẹ kó gbé yín lọ ní kìlómítà 5 ní wákàtí kan, táyà tó ń jó ń sá bí ẹni ń lọ ní 10. Eyín kọ́là ń kọjá níwájú ihò rẹ̀ bí abẹ fáànù. Bí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ lásìkò yẹn, ọ̀kan nínú eyín yẹn á há lójijì, òun nìkan ni yóò sì dá táyà, rímù àti gbogbo ìwúwo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ gbà: ó lè jẹ́ etí eyín, ó lè jẹ́ píìnì, ó lè jẹ́ ṣáàfù gan-an.

Kọ́là kan wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Etí eyín rẹ̀, tó yẹ kó mú ṣáṣá, ti yí róbótó bí ọṣẹ ìfọṣọ tó kù díẹ̀ kó tán. Eyín kan ti fò lọ pátápátá. Ìsàlẹ̀ ọ́ìlì la ti yọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èékánná àtàǹpàkò. Ẹni tó ni katakata náà ní òun kàn fi ẹsẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan ni. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó.

Nítorí náà, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí táyà náà dúró ná. Kí ó tó dúró kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ.

Ṣé mo lè fi ẹsẹ̀ sórí rẹ̀ jálẹ̀ tí mo bá ń túlẹ̀?

Bí ẹ bá ń lọ tààrà, ó lè wà níbẹ̀ láti etí oko kan dé èkejì. Táyà tó wà nínú poro ló ń gba ìwúwo jù, èyí tó wà lókè a máa fúyẹ́, òun ló sì máa ń jó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé etí oko, kí ẹ tó gbé irin ìtúlẹ̀ sókè, ẹ ti gbé gìgísẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ kò lè fa poro kan láì tẹ̀ ẹ́, lọ́ọ̀kì kọ́ ni ẹ nílò. Ẹ wo bóyá eyín táyà ti jẹ tán, bóyá irin ìtúlẹ̀ ti jìn jù, bóyá katakata fúyẹ́ jù lẹ́yìn. Ẹ lè wọ̀n ọ́n báyìí: ẹ fi ẹfun fa ilà sára táyà, ẹ máa túlẹ̀ lọ, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí táyà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti yí 10 pé. Ẹ wá gbé irin sókè, ẹ gba ọ̀nà kan náà lófìfo, kí ẹ ka iye tó yí. Bí ó bá jẹ́ 8 àbọ̀, táyà yín ń yọ̀ ní ìwọ̀n 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín 10 sí 15 ló dára fún ilẹ̀ tó le díẹ̀. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ fi ìwúwo kún ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ rọ omi sínú táyà.

Yíyí ńkọ́? Kọ́nà kékeré lásán ni.

Ẹ má yí. Lọ́ọ̀kì ti ní kí táyà méjèèjì rin ìwọ̀n kan náà, sítíárì ní kí ọ̀kan rìn jù. Irin inú dífù ló ń jẹ ìyà ìjà yẹn. Nínú ẹrẹ̀ rírọ̀, ẹ lè tún ojú ọ̀nà ṣe díẹ̀ torí ilẹ̀ á gbà fún yín. Lórí ilẹ̀ líle kò sí ohun tó máa gbà àfi irin. Lórí ọ̀dà, ẹ má tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rárá, ì báà jẹ́ títì tó tọ́ gbọnrangandan.

Mo ti gbé ẹsẹ̀, kò tú. Kí ni kí n ṣe?

Ó wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe pé ó ti bàjẹ́ nígbà gbogbo. Táyà kan ń fà síwájú, èkejì ń fà sẹ́yìn, wọ́n wá há eyín kọ́là mọ́ àárín. Sípírínì kékeré yẹn kò lágbára tó láti fà á yọ. Ẹ ní láti tú ìfà náà sílẹ̀ ni.

Ẹ dín iná kù, kí ẹ máa rọra lọ ní jíà kékeré. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì òsì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ kan tọ̀tún fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ máa pààrọ̀ wọn. Bí kò bá dáhùn, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sí ẹ̀yìn, kí ó padà bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ máa gbọ́ ọ bí ó bá jáde.

Ẹ má fi irin gbé pẹ́dà sókè. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é, ọ̀pá ìta ló tẹ̀, kọ́là inú kò mira. Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pẹ́dà náà: ẹrẹ̀ àná tó ti gbẹ mọ́ koríko ló máa ń pọ̀ níbẹ̀ jù. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ ta gírísì sí oríkèé rẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá sípírínì ìta ti já tàbí ó ti dẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó ti tú, ẹ yí díẹ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa kí ẹ wo ẹ̀yìn. Bí táyà inú bá ń ha ilẹ̀, tí sítíárì sì ń ta kò yín, ó ṣì wà níbẹ̀.

Fóò-wíìlì ni tèmi. Kí ni mo tún ń fi lọ́ọ̀kì ṣe?

Iwájú náà ní dífù tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní lọ́ọ̀kì. Ó túmọ̀ sí pé pẹ̀lú fóò-wíìlì yín, táyà iwájú kan àti tẹ̀yìn kan lè máa jó, kí méjì tó kù máa wò wọ́n. Fóò-wíìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, ìyẹn sì máa ń tó. Bí kò bá tó, ẹ wá fi lọ́ọ̀kì kún un.

Mo gbọ́ pé bíréèkì lè ṣe iṣẹ́ lọ́ọ̀kì. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀ ọ́n. Bíréèkì òsì àti tọ̀tún dá dúró lára ọ̀pọ̀ katakata. Bí táyà ọ̀tún bá ń jó, ẹ rọra fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ọ̀tún nìkan díẹ̀. Bí táyà yẹn bá ti ń rí ohun tó ń dì í mú, tòsì náà á rí agbára gbà. Kò lágbára tó lọ́ọ̀kì, ó sì ń jẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n kò léwu fún eyín kankan, ẹ sì lè ṣe é nígbà tí táyà ti ń jó lọ́wọ́.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́. Bí lọ́ọ̀kì bá wà níbẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì ẹgbẹ́ kan líle láti fi yí. Èkejì, kí ẹ tó gun títì, ẹ so pẹ́dà bíréèkì méjèèjì pọ̀ padà. Ẹni tó bá tẹ ẹyọ kan lórí eré, inú igbó ló ń lọ.

Tèmi kò ní kílọ́ọ̀ṣì ìrìn, HST ni (èyí tí ọ́ìlì ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà).

Ọ̀nà kan náà ni. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà ìrìn títí táyà yóò fi dúró, ẹ tẹ lọ́ọ̀kì, kí ẹ wá rọra tẹ pẹ́dà ìrìn padà. Ewu tó wà nínú HST ni pé ó rọrùn jù: ẹsẹ̀ kan wà lórí ìrìn, gìgísẹ̀ kejì á ti dé orí lọ́ọ̀kì kí ọpọlọ tó rò ó.

Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́?

Bí ẹ bá ń gòkè tààrà, ó lè ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú u: katakata tí a ti de táyà ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ ń fẹ́ lọ tààrà ni, ibi tí ẹ bá kọ sítíárì sí kò kàn án tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀gbẹ́ gba ara òkè kọjá, tí katakata sì ń yọ̀ wálẹ̀, ẹ má ronú lọ́ọ̀kì. Ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé garawa iwájú sókè pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀, ìkìlọ̀ náà di ìlọ́po méjì.

Lọ́ọ̀kì ti wọlé, táyà méjèèjì wá ń jó pọ̀. Kí ló kàn?

Ẹ dúró. Ẹ má fi iná kún un. Táyà méjì tó ń jó pọ̀ ń walẹ̀ ni, kò ní pẹ́ tí ikùn katakata yóò fi jókòó sórí ẹrẹ̀, ìgbà yẹn sì ni wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú irin ìtúlẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́yìn táyà, kí ẹ padà sẹ́yìn lójú ipa tí ẹ bá wọlé.

Àwọn kan máa ń de igi mọ́ táyà ẹ̀yìn kó lè gùn ún jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí táyà kò bá lè yí mọ́, tí ẹ́ńjìnnì sì ń tì í, ara katakata fúnra rẹ̀ ni yóò yí: iwájú á gbéra, yóò sì dojú dé sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí. Kò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lọ́ọ̀kì tún mú kó burú sí i, torí táyà méjèèjì ló ti há. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fà yín, kí wọ́n so okùn mọ́ ibi tó wálẹ̀ jù, kí ó má ga ju ṣáàfù ẹ̀yìn lọ láé.

Táyà ẹ̀yìn méjèèjì kò dọ́gba. Ó ha kan lọ́ọ̀kì bí?

Ó kàn án gan-an. Bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun tí èkejì ti jẹ, tàbí tí afẹ́fẹ́ ọ̀kan kéré, wọn kì í rin ìwọ̀n kan náà bí wọ́n bá yí lẹ́ẹ̀kan. Láì sí lọ́ọ̀kì, dífù á bo àṣírí yẹn. Bí lọ́ọ̀kì bá ti wọlé, ìfà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ṣáàfù bí ẹ tiẹ̀ ń lọ tààrà, ìdí sì nìyẹn tí ti àwọn kan kì í fi í tú láéláé. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà kí ẹ tó pe mẹkáníìkì.

Báwo ni mo ṣe lè dán an wò kí n tó sanwó tókunbọ̀?

Ẹ wá ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ fi òkúta dí táyà iwájú, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn títí táyà méjèèjì yóò fi kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi ìtì igi tó lágbára gbè é, torí jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ fóò-wíìlì, kí ẹ fi katakata sí jíà.

Ẹ fi ọwọ́ yí táyà kan. Bí dífù bá pé, èkejì á máa yí sí òdìkejì. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ lọ́ọ̀kì, kí ẹ tún yí táyà náà díẹ̀ kí eyín lè ríhò. Tí ó bá wọlé, kò sí èyí tó máa yí mọ́, àfi ìmìra díẹ̀. Bí ó bá wọlé tó tún ń yọ bọ́ bí ẹ ti ń fipá yí i, etí eyín ti jẹ nìyẹn. Ẹ dín owó rẹ̀ kù dáadáa tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Wẹ́dà kan ní òun lè jó dífù náà pọ̀ kí ó máa lọ́ọ̀kì títí ayé.

Ó lè jó o lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo kọ́nà tí ẹ bá yí, láti oko dé ilé, ẹ ń yí i pẹ̀lú lọ́ọ̀kì. Ẹ tún ka ìdáhùn lórí yíyí lókè.

Lọ́ọ̀kì mi ti kú. Ṣé mo lè máa ṣiṣẹ́ lọ ná?

Ó dá lórí ohun tó pa á. Bí ó bá jẹ́ pé kì í kàn wọlé mọ́, tí kò sí ìró kankan, ó lè jẹ́ ọ̀pá ìta ló já. Ẹ lè máa lo katakata lọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ bíi èyí tí kò ní lọ́ọ̀kì.

Bí ẹ bá wá ń gbọ́ «kà-kà-kà» lẹ́yìn tí ẹ bá ń yí, ẹ pa á níbi tó wà. Lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ọ́ìlì kan náà ló wà nínú jíà, nínú dífù àti nínú hàídírọ́líìkì. Ìfọ́yángá irin tó bá já bọ́ nínú dífù lónìí lè dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù tó ń gbé irin ìtúlẹ̀ yín. Ẹ sọ ọ́ìlì náà sínú àwo funfun, kí ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì rìn ín. Lẹ́búlẹ́bú tó dà bí ẹfun eérú kì í ṣe nǹkan, gbogbo jíà ló ń jẹ bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ohun tó bá lẹ̀ mọ́ mágnẹ́ẹ̀tì bá ní etí, tí ẹ lè fi ìka méjì mú un, ẹ má tún ta á sí iná mọ́ títí wọn ó fi tú ẹ̀yìn rẹ̀.